Davos, Ìlú Tí Ikọ́ Ẹ̀gbẹ Sọ Di Ọlọ́lá

Kí ọdún 1853 tó dé, àgbẹ̀ àti darandaran ni ó pọ̀ jù ní àfonífojì Davos ní ilẹ̀ Switzerland, níbi tí ilẹ̀ ga tó 1,560 mítà, tí òjò dídì sì máa ń bo ọ̀nà fún oṣù púpọ̀. Ọdún náà ni Alexander Spengler gun òkè dé, ọmọ Jámánì tí ó sá kúrò nílé nígbà tí ọ̀tẹ̀ tí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dì ní 1849 forí ṣánpọ́n, tí ó sì kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Zürich. Ó ṣàkíyèsí pé ikọ́ ẹ̀gbẹ, tí ń pa tolówó tòtòṣì ní àwọn ìlú ńlá Yúróòpù, kì í sábà mú àwọn ará òkè yìí.

Ní oṣù kejì ọdún 1865, aláìsàn ikọ́ ẹ̀gbẹ méjì láti Jámánì, Friedrich Unger àti Hugo Richter, wọ ìlú nínú òtútù tí abarapá pàápàá ń sá fún. Ara wọn yá, wọ́n sì jókòó síbẹ̀. Ní 1867, Holsboer, ará Holland, gbé ìyàwó rẹ̀ tí ń ṣàìsàn wá. Ìyàwó kú, ọkọ kò lọ. Òun àti Spengler dá ilé ìtọ́jú sílẹ̀, òun náà ni ó sì dààmú títí ọkọ̀ ojú irin fi dé Davos ní 1890. Lójú tèmi, ọwọ́ rẹ̀ ni ìlú náà fi là ju ọwọ́ oníṣègùn lọ.

Kí ni ìtọ́jú ọ̀hún? Kí aláìsàn fi kúbùsù wé ara, kí ó nà gbalaja sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kọjú sí oòrùn, nínú òtútù, fún wákàtí púpọ̀ lójúmọ́, oṣù dé oṣù. Ọ̀pọ̀ yè é, ọ̀pọ̀ sì sùn síbẹ̀. Ìyàwó òǹkọ̀wé Thomas Mann gba ìtọ́jú níbẹ̀ ní 1912. Ohun tí ọkọ rẹ̀ rí nígbà tí ó wá bẹ̀ ẹ́ wò ni ó fi kọ ìwé ńlá tí ó jáde ní 1924. Àwọn baba wa ní ìlera ni oògùn ọrọ̀. Ní Davos, àìlera àlejò ni oògùn ọrọ̀ onílé.

Nígbà tí a wá rí oògùn streptomycin ní 1943, tí abẹ́rẹ́ sì ń ṣe ohun tí afẹ́fẹ́ òkè kò lè ṣe, ohun tí gbogbo ayé ń yọ̀ sí di òfò fún àwọn onílé ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n bí ìlù bá yí padà, ijó a yí padà: ọkọ̀ tí ń fi wáyà gun òkè Parsenn ti wà láti 1931 fún àwọn tí ń fi pákó tẹ́ẹ́rẹ́ yọ̀ lórí òjò dídì, nítorí náà wọ́n sọ ọ̀pọ̀ ilé aláìsàn di òtẹ́ẹ̀lì. Ní 1971 ni Klaus Schwab kó àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ Yúróòpù jọ síbẹ̀ fún ìpàdé tí ó padà di ti àgbáyé, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ Davos lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ díẹ̀ péré ni í gbà nínú ọdún, tí ó sì jẹ́ pé òjò dídì ni ó ń bọ́ ìlú náà ní gbogbo ìgbà òtútù.