Ojú Ìwé 123: Bí Lẹ́tà Kékeré Kan Ṣe Di Ẹ̀rí Ńlá

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, ọ̀pọ̀ yín ló máa ń sá fún un. Òun ni ìtọ́kasí: àwọn orúkọ, ọdún àti nọ́ńbà tó máa ń wà lẹ́yìn iṣẹ́ ìwádìí. Ẹni tó bá ti kọ project rí á mọ̀ ọ́n dáadáa. Iṣẹ́ ti parí, oorun ti ń kun ojú, supervisor wá ní kọ́mà kò sí níbi tó yẹ kó wà. Èèyàn á ní, "Kí ló kan kọ́mà nínú ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì?" Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wo ìtàn rẹ̀. Ẹ̀mí èèyàn wà nínú ẹ̀.

Nígbà kan, bó bá ṣe wu onímọ̀ ló ń tọ́ka sí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Ẹnì kan á kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ẹlòmíràn á kàn dárúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀, ó di ọwọ́ òǹkàwé láti wá ìwé náà rí.

Ní ọdún 1881, Edward Laurens Mark, onímọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Harvard lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tẹ iṣẹ́ gígùn kan jáde lórí ẹyin ẹranko kan tó jọ ìgbín ṣùgbọ́n tí kò ní ìkarawun. Nínú iṣẹ́ yẹn, ó fi orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún sínú àkámọ́ láàrin ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn tó tọpasẹ̀ ìtàn yìí gbà pé ìlànà tí a ń pè ní Harvard ti bẹ̀rẹ̀. APA tí wọ́n ní kí ẹ lò nílé ìwé, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni.

Àwọn oníṣègùn ní tiwọn fẹ́ràn nọ́ńbà. Ẹ ó rí 1, 2, 3 nínú ọ̀rọ̀, ẹ ó sì wá ìtumọ̀ wọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n jọ́nà kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ayé táípùráítà sì layé ọ̀hún, kò sí pé à ń tẹ bọ́tìnnì kan kí gbogbo rẹ̀ yí padà. Bí jọ́nà kan bá kọ iṣẹ́ yín, tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́ sí òmíràn, àfi kí ẹ tún gbogbo ìtọ́kasí tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 1978, àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn mélòó kan pàdé ní ìlú Vancouver ní Kánádà láti fẹnu kò sórí ìlànà kan ṣoṣo. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1979. Orúkọ òǹkọ̀wé ló máa ń ṣáájú, lẹ́yìn náà àkọlé, orúkọ jọ́nà, ọdún, nọ́ńbà ìdìpọ̀, kó tó wá kan ojú ìwé. Ìyẹn ni a mọ̀ sí ìlànà Vancouver títí dòní.

Ẹ fi ọwọ́ mú ojú ìwé yẹn o. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní oṣù kìíní ọdún 1980, ọ̀kan nínú àwọn jọ́nà ìṣègùn tó lókìkí jù láyé, New England Journal of Medicine, tẹ lẹ́tà kan jáde. Jane Porter àti Hershel Jick ló kọ ọ́. Lẹ́tà ni mo wí, iṣẹ́ ìwádìí gígùn kọ́. Gbólóhùn 5 péré ni. Wọ́n ní àwọn wo àkọsílẹ̀ aláìsàn 39,946 tó wà ní ọsibítù. Nínú wọn, 11,882 gba oògùn apàrora líle, irú èyí tí a ń pè ní opioid, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Nínú àwọn tí kò ní bárakú tẹ́lẹ̀, ẹni 4 péré ni àkọsílẹ̀ fi hàn dáadáa pé oògùn náà di bárakú fún.

Lẹ́tà náà kò sọ iye oògùn tí wọ́n lò tàbí iye ọjọ́ tí wọ́n fi lò ó. Kò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn nígbà tí wọ́n padà sílé. Inú ọsibítù nìkan ni, níbi tí nọ́ọ̀sì ti ń fún èèyàn ní oògùn, tó sì ń ṣọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ lẹ́tà di ìtọ́kasí, gbogbo ìyẹn ti farasin. Orúkọ, àkọlé, jọ́nà ńlá, 1980, ìdìpọ̀ 302, ojú ìwé 123: lójú ẹni tó ń sáré kà á, iwájú òun àti iwájú ìwádìí ọlọ́dún mẹ́wàá kò yàtọ̀. Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ka sí i pé opioid kì í sábà di bárakú. Ẹni tó kà wọ́n tún tọ́ka sí i. Nígbà tí OxyContin, oògùn opioid tuntun, jáde láàrin ọdún 1990 sí 2000, ìtọ́kasí sí lẹ́tà yìí tún pọ̀ sí i gan-an. Ní 2001, ìwé ìròyìn Time pè é ní ìwádìí mánigbàgbé. Gbólóhùn 5!

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Eléyìí gbà tó ọdún 37. Ní 2017, àwọn onímọ̀ kan láti Kánádà ka gbogbo iṣẹ́ tó tọ́ka sí lẹ́tà náà. Wọ́n rí 608. Nínú rẹ̀, 439 lò ó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé bárakú kò wọ́pọ̀. 491 kò sọ pé àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Inú jọ́nà kan náà ni wọ́n ti tẹ èsì wọn jáde, jọ́nà náà sì fi ìkìlọ̀ sórí lẹ́tà àtijọ́ yẹn.

Porter àti Jick kò purọ́ o. Jick fúnra rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ oògùn fi lẹ́tà òun ṣe dun òun gan-an. Ní 2007, Purdue Frederick, ilé-iṣẹ́ tó bá Purdue Pharma tó ń ta OxyContin tan, gbà ní kóòtù pé òun jẹ̀bi: wọ́n ti ṣi àwọn èèyàn lọ́nà nípa ewu bárakú inú oògùn náà. Láti 1999 sí 2021, nǹkan bí èèyàn 645,000 ni àlòjù opioid pa ní Amẹ́ríkà. Oògùn tí dókítà kọ àti èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀ ló wà nínú iye yẹn, lẹ́tà kan ṣoṣo kọ́ ló sì fa gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tó fi àwọn dókítà lọ́kàn balẹ̀.

Ẹ wá padà sí kọ́mà supervisor yín. Ẹ tún wo ìtọ́kasí yẹn: ojú ìwé 123. Kì í ṣe 123 sí 129. Ojú ìwé kan ṣoṣo! Ìwádìí wo lórí ogójì ọ̀kẹ́ méjì... rárá, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rọrùn: ìwádìí wo lórí aláìsàn tó tó ọ̀kẹ́ méjì ló máa wọnú ojú ìwé kan? Ìlànà Vancouver tún ní ààyè láti kọ ọ́ lẹ́yìn àkọlé pé lẹ́tà ni nǹkan náà. Àmì ìkìlọ̀ wà níbẹ̀. Ẹni tó máa wò ó ló ṣọ̀wọ́n.

Ìtọ́kasí kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ tí a fi ń ṣe iṣẹ́ lọ́jọ̀. Ó ń dáhùn ìbéèrè: ta ló sọ ọ́, níbo, nígbà wo, báwo ló ṣe gùn tó? "Wọ́n ní" kò tó. Lónìí, DOI wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ó máa gbé yín dé ìdí ọ̀rọ̀. Ó tún ṣe pàtàkì báyìí tí AI lè to ìtọ́kasí tó dán mọ́rán fún yín, kọ́mà pé, àkámọ́ pé, kí ìwé ọ̀hún má sì sí láyé.

Nítorí náà, kí ẹ tó kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sẹ́yìn iṣẹ́ yín, ẹ kọ́kọ́ lọ ka ohun tó sọ. Ó dìgbà kan ná.