A Kì í Ka Ọmọ fún Ọlọ́mọ

Àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Bàbá wa náà gbà bẹ́ẹ̀. Kí ọdún 2002 tó dé, bí àlejò bá bi wọ́n pé ọmọ mélòó ni wọ́n bí, wọn a kàn rẹ́rìn-ín, wọn a ní, “Ọlọ́run ṣe é, wọ́n pọ̀ díẹ̀.” Ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù kìíní ọdún náà títí Bàbá fi re ibi àgbà ń rè, kò sí alẹ́ kan tí wọn kì í kà wá. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á fún yín.

Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 2002. Ẹni tó bá wà l'Ékòó nígbà náà kò lè gbàgbé. Ní ìrọ̀lẹ́, iná ṣẹ́ yọ ní bárékè sọ́jà tó wà n'Íkẹjà, ó sì ran ilé tí wọ́n ń kó bọ́ǹbù àti ohun ìjà pamọ́ sí. Àárín ìlú ni bárékè yìí wà, ilé àti ọjà ló yí i ká. Nígbà tí àwọn bọ́ǹbù náà bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbàmù, ilẹ̀ mì, gíláàsì fèrèsé ń fọ́ ní àdúgbò tó jìnnà sí Ìkẹjà, ojú ọ̀run pọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló ń bú lọ di òru. Àwọn kan ní sọ́jà ló tún fẹ́ gbàjọba. Ṣebí kò tí ì pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n gbé e sílẹ̀ fún alágbádá? Àwọn mìíràn ní ogun ló dé. Ẹni tí kò mọ ohun tó ń lé òun, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ibi tó yẹ kó sá sí?

Ìsọlọ̀ là ń gbé nígbà náà, èmi sì ti lé díẹ̀ lógún ọdún. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an ni Bàbá àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin jà. Ẹ̀gbọ́n mi fi iṣẹ́ mẹkáníìkì tó ń kọ́ sílẹ̀, ó ní ọ̀kadà lòun fẹ́ máa gùn. Inú bí Bàbá. Wọ́n ní, “Máa lọ! Má sì jẹ́ kí n fojú kàn ẹ́ nínú ilé yìí mọ́.” Ẹ̀gbọ́n mi kò fèsì. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ.

Nígbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀, Màmá pa sítóòfù, wọ́n fi ìrẹsì sílẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n fa àbúrò mi obìnrin lọ́wọ́, gbogbo wa bọ́ sí títì. Èrò ń rọ́ lọ sọ́nà Èjìgbò, a bá wọn rọ́ lọ. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé kánáàlì Ọ̀kè-Àfà, omi ńlá tó wà láàárín Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò. Ewéko ti bo ojú omi náà pátápátá, ó tẹ́ rẹrẹ bíi pápá. Àwọn èèyàn ń sáré wọ inú rẹ̀.

Bàbá nìkan ló dúró. Ọmọ apẹja Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n, wọ́n mọ ewéko tó ń léfòó. Wọ́n kígbe, “Omi ni o! Kì í ṣe ilẹ̀ o! Omi ni!” Ta ni yóò gbọ́? Àwọn tó wà lẹ́yìn ń ti àwọn tó wà níwájú. Bàbá tì wá mọ́ ògiri kan, wọ́n na apá méjèèjì, wọ́n fi ara wọn dí iwájú wa. Obìnrin tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì. Mo pè é. Kò gbọ́. Òun nìkan ni wọ́n rí fà jáde.

Àwọn tó kú lọ́jọ́ náà kò dín ní 1,000. Bọ́ǹbù pa àwọn kan, ṣùgbọ́n omi ló pa ọ̀pọ̀ nínú wọn, obìnrin àti ọmọdé ló sì pọ̀. Ká ní wọ́n jókòó sílé wọn ni, ọ̀pọ̀ ì bá wà láàyè. Ọ̀gá sọ́jà tó ń darí bárékè náà tọrọ àforíjì, ó ní wọ́n ti ń gbìyànjú láti tún ibi tí wọ́n ń kó ohun ìjà sí ṣe kí jàǹbá tó dé. Ìgbìyànjú yẹn kò gba ẹnì kankan là.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ̀gbọ́n mi kò tí ì wálé. Bàbá lọ sí kánáàlì, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ti ń tẹ́ òkú sílẹ̀ létí omi. Bàbá ń ṣí aṣọ lójú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti rí i pé kì í ṣe ọmọ wọn, wọn a rọra da aṣọ náà padà, wọn a ní, “Jọ̀ọ́, má bínú.” N kò gbọ́ kí Bàbá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọdé rí ṣáájú ọjọ́ yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Ọ̀tà ló sá lọ. Màmá figbe ta, “Kí ló dé tó ò ti wálé láti àná?” Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, Mà. Ṣebí Bàbá ní àwọn ò fẹ́ fojú kàn mí mọ́.”

Bàbá kò sọ̀rọ̀. Wọ́n gbé e dìde, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú, wọ́n wò ó títí, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí aṣọ kúrò níbẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà wá.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ní ká wá ṣe ọpẹ́, ká lu ìlù, ká jó. Màmá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣé ká jó kọjá lẹ́nu ọ̀nà obìnrin tó wà ní yàrá kejì yẹn?” Oúnjẹ ni Màmá ń gbé lọ fún un ní alaalẹ́. Wọn a jókòó tì í títí yóò fi jẹ òkèlè méjì. Ọpẹ́ tí wọ́n ṣe nìyẹn.

Láti ìgbà náà, òfin méjì ló wà nílé wa. Bí ìjà bá le tó bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ jáde láìgbọ́ “ó dàbọ̀” lẹ́nu ará ilé. Ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ sùn láìmọ ibi tí àwọn tó kù wà. Ọdún 2016 ni Bàbá kú. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń kà wá nísinsìnyí, orí fóònù ló ti ń ṣe é. Bí oṣù kìíní bá sì pé ọjọ́ 27, òun àti èmi a lọ sí ibi ìrántí tí wọ́n kọ́ sí Ọ̀kè-Àfà, a ó dúró díẹ̀, a ó padà sílé.

Ẹ̀yin òbí tó ń ka ìwé yìí, ọ̀rọ̀ wo lẹ sọ kẹ́yìn fún ọmọ yín tó jáde láàárọ̀? Bí kò bá dára, ẹ wá a kàn kí ilẹ̀ tó ṣú.