Ohun Tí A Kò Kọ Sílẹ̀: Kọ̀ǹpútà àti Ìṣẹ̀dá Orin Láàrin Àwọn Akọrin Aláfẹ́

Ìfáàrà

Láti nǹkan bí ọdún 2023 ni ẹ̀rọ tí ó ń fi òye àtọwọ́dá ṣẹ̀dá odidi orin, ọ̀rọ̀ àti ohùn pọ̀, ti dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ní fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tí ó ti wáyé lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ó dá lórí àwọn tí ń fi orin jẹun, pé ṣé ẹ̀rọ yóò gba iṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ tàbí kò ní gbà á. Àpilẹ̀kọ yìí kò bá ọ̀nà ibẹ̀ lọ. Àwọn tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni akọrin aláfẹ́, ìyẹn àwọn tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n máa ń péjọ ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní òpin ọ̀sẹ̀ láti ṣe orin pa pọ̀.

Ìtàn orin ijó àwọn ará Ireland ni a fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé nínú rẹ̀ ni a ti lè tọ ipasẹ̀ orin láti etí dé inú ìwé, láti inú ìwé dé inú kọ̀ǹpútà, kí ó tó tún padà sọ́wọ́ àwọn aláfẹ́. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ohun tí a kọ sílẹ̀ fún irú ẹ̀rọ tí a ó yẹ̀ wò yìí nìkan ni ó lè kọ́. Èyí tí a kò kọ sílẹ̀, ọwọ́ ẹgbẹ́ tí ń kọrin ni ó ṣì wà. Ọ̀rọ̀ kan náà, 'kọ', ni Yorùbá ń lò fún orin àti fún ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tí ó kọ orin ni kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Fún èdè bíi tiwa, tí ohùn ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, ọ̀ràn náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Láti Etí dé Inú Ìwé

Ọdún 1848 ni a bí Francis O'Neill ní Tralibane, ní agbègbè Cork, ní gúúsù ilẹ̀ Ireland. Ó fi ilé sílẹ̀ ní ọ̀dọ́, ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, lẹ́yìn náà ó fìdí kalẹ̀ sí ìlú Chicago ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí ó ti wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ọdún 1873. Láti ọdún 1901 títí di 1905, òun ni ọ̀gá àgbà àwọn ọlọ́pàá ìlú náà. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ni ó ń jẹ. Orin ni ó fẹ́ràn. Ó ń fọn fèrè, ó sì ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún orin lórí, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ti ń kọ àmì orin sílẹ̀.

Sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá kan tí ń jẹ́ James O'Neill ni ó bá a dí àlàfo yìí. Orúkọ ìdílé wọn bá ara mu, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ẹbí. Francis yóò fọn orin, James yóò fetí sí i, yóò sì kọ ọ́. Wọ́n tún ń gbọ́ orin lẹ́nu àwọn ará Ireland mìíràn tí wọ́n wà ní Chicago. Láti inú iṣẹ́ yìí ni ìwé ti ọdún 1903 ti jáde, tí ó ní orin 1,850, àti èyí tí ó tẹ̀ lé e ní ọdún 1907, tí ó ní orin ijó 1,001. Bí a bá fi ojú inú wò ó, a ó rí i pé àwọn aláfẹ́ ni ó ṣe iṣẹ́ ńlá yìí, pé àjùmọ̀ṣe ni, àti pé láàrin etí ẹnìkan àti kálàmù ẹnìkejì ni ó ti ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí James gbọ́ ni ó ṣeé kọ. Nínú orin ijó Ireland, eegun orin nìkan ni ó sábà máa ń wà lórí ìwé. Bí a ṣe ń já ohùn sí méjì, bí a ṣe ń fi ohùn kékeré kan ta ohùn ńlá jí, bí ìlù ẹsẹ̀ àwọn oníjó ṣe ń fa orin sẹ́yìn tàbí tì í síwájú, gbogbo èyí wà lọ́wọ́ ẹni tí ń lù ú. Ẹni tí ó bá ti ka ìjálá nínú ìwé láìgbọ́ ọ lẹ́nu ọdẹ rí yóò mọ irú àlàfo tí à ń wí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Chris Walshaw ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìlànà kan jáde tí a ń pè ní ABC, nínú èyí tí lẹ́tà lásán dúró fún ohùn orin, débi pé a lè tẹ orin bí a ti ń tẹ ìwé. Ìlànà yìí rọrùn fún àwọn aláfẹ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi ní àkójọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, The Session, tí ẹnikẹ́ni lè fi orin tí ó mọ̀ sí, kí ẹlòmíràn fi ẹ̀dà tirẹ̀ kún un. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, kí ẹlẹgbẹ́ wọn lè rí orin kọ́. Eegun orin náà ni lẹ́tà wọ̀nyí sì gbé dání.

Ẹ̀rọ Tí Ó Kọ́ Orin Láìgbọ́ Ọ

Èrò pé a lè fi ìṣirò mọ ohun tí yóò tẹ̀ lé ohun tí ó ti wà nílẹ̀ ti pẹ́. Ní ọdún 1913, onímọ̀ ìṣirò ará Rọ́ṣíà, Andrey Markov, ka lẹ́tà 20,000 nínú ìwé ewì Pushkin láti fi hàn bí lẹ́tà kan ti ń pinnu irú èyí tí yóò tẹ̀ lé e. Ní Yunifásítì Illinois, Lejaren Hiller, tí ó kọ́kọ́ jẹ́ onímọ̀ kẹ́mísírì, àti Leonard Isaacson mú irú èrò bẹ́ẹ̀ wọ inú orin. Illiac Suite tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá parí ní ọdún 1957, fún ohun èlò olókùn mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà a mú ohùn wá ní ìdákúdà, òfin tí àwọn méjèèjì fi sí i a sì kọ èyí tí kò bá a mu. Kò sí ìgbà tí ọwọ́ ènìyàn kúrò nínú rẹ̀.

Ní ọdún 2015, Bob Sturm àti João Felipe Santos mú orin tí ó lé ní 23,000 láti inú àkójọ The Session, wọ́n sì fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Orúkọ tí wọ́n fún ẹ̀rọ náà ni folk-rnn. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó wo àmì ABC tí ó ti wà nílẹ̀, kí ó sì pinnu àmì tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e, lọ títí orin yóò fi parí. Ẹ̀rọ yìí kò gbọ́ fèrè rí. Kò mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń fi orin náà jó. Síbẹ̀, ó ń pín orin sí apá méjì bí ó ti yẹ, ó ń tún apá kọ̀ọ̀kan wí, ó sì ń padà sílé ní ìparí bí orin ijó Ireland ti máa ń ṣe.

Kí ni àwọn olórin wá fi ṣe? Ní ọdún 2018, àwọn olórin ìbílẹ̀ gbé àwo orin kan jáde nínú èyí tí orin folk-rnn wà, Let's Have Another Gan Ainm. 'Gan ainm' ní èdè Ireland túmọ̀ sí 'láìlórúkọ'. Ohun tí wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ orin tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀ ni. A ṣa àwọn orin ẹ̀rọ náà, a yí wọn padà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, àwọn olórin sì fi ọ̀ṣọ́ tí kò sí nínú ABC bo eegun náà. Ní ọdún 2020, Sturm tún ṣe ìdíje fún àwọn tí ń kọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ wọn ṣẹ̀dá orin ijó tí à ń pè ní jig. Òṣùwọ̀n tí ó yàn ni jig 365 tí ó wà nínú ìwé ọdún 1907. Àwọn tí ó mọ orin náà dunjú ni adájọ́, wọ́n sì ń ta èyí tí ó bá jí orin olórin jí, tàbí tí ìlù rẹ̀ kò jọ ti jig, dànù. Iṣẹ́ àwọn ọlọ́pàá aláfẹ́ méjì ní Chicago ni wọ́n fi ń wọn kọ̀ǹpútà ní ọdún 113 lẹ́yìn náà.

Kì í ṣe gbogbo aláfẹ́ ni inú wọn dùn sí i. Àwọn kan sọ pé àwọn fi orin sí àkójọ kí ènìyàn lè kọ́ ọ, pé ẹnikẹ́ni kò sì bi àwọn léèrè kí a tó fi bọ́ ẹ̀rọ. Ní tiwa, a gbà pé ẹjọ́ wọn ní ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tí ó fọn orin fún O'Neill mọ ẹni tí òun ń fọn ọ́n fún.

Ìdíje Ọdún 2020 àti Ọ̀ràn Oní-nǹkan

Ọdún 2020 kan náà ni ilé iṣẹ́ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ VPRO ní ilẹ̀ Netherlands ṣe ìdíje orin tí a fi òye àtọwọ́dá ṣe, ní àfarawé ìdíje Eurovision tí àrùn kòrónà kò jẹ́ kí ó wáyé lọ́dún náà. Ẹgbẹ́ 13 ni ó kópa, ènìyàn 61 ni ó wà nínú wọn, olórin àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà pọ̀. Ẹgbẹ́ Uncanny Valley láti Australia ni ó borí. Ìró àwọn ẹranko àti ẹyẹ ilẹ̀ wọn wà nínú orin náà, nítorí iná igbó tí ó ti jó ibẹ̀. Anna Huang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí lórí bí àwọn ẹgbẹ́ náà ti ṣiṣẹ́. Wọ́n rí i pé ńṣe ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan gé orin sí wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀. Wọ́n ní kí ẹ̀rọ ṣe púpọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n wá jókòó, wọ́n ń ṣà. Ẹ̀rọ tí ó ṣe ọ̀rọ̀ kò mọ ohun tí ẹ̀rọ tí ó ṣe ohùn ń ṣe. Ènìyàn ni ó so wọ́n pọ̀.

Ẹ̀rọ tí ó ń ṣe gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, irú bíi Suno àti Udio, dé lẹ́yìn èyí, ó sì gba iṣẹ́ ṣíṣà àti síso náà kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ gbé e sílẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àwọn ilé iṣẹ́ àwo orin ńláńlá pe àwọn méjèèjì lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà pé wọ́n fi orin àwọn kọ́ ẹ̀rọ láìgbàṣẹ. Ní ọdún 2025, díẹ̀ nínú àwọn tí ó pe ẹjọ́ ti bá wọn parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń rí sí ẹ̀tọ́ oní-nǹkan sọ pé àṣẹ tí a pa fún ẹ̀rọ lásán kò sọ ẹni tí ó pa á di ẹni tí ó dá iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ṣíṣà, títò àti àtúnṣe tí ènìyàn ṣe sí i lè ní ẹ̀tọ́.

Ohùn Ọ̀rọ̀ àti Ohùn Orin ní Yorùbá

Orin ijó Ireland kò ní ọ̀rọ̀, nítorí náà bí ẹ̀rọ bá ṣì í, etí ni yóò dùn. Ní èdè Yorùbá, ìtumọ̀ ni yóò bàjẹ́. Àwọn Krìsítẹ́nì wa ti rí èyí láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí a túmọ̀ ọ̀rọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá tí a sì fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí ó ti wà. Bí ohùn orin bá sọ̀ kalẹ̀ lórí 'ọ̀run', 'ọrùn' ni ìjọ ń kọ. Josiah Jesse Ransome-Kuti, tí ó gba ohùn orin Yorùbá tí ó lé ní 40 sílẹ̀ sínú àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1922, àti Ẹ̀kúndayọ̀ Phillips, tí ó kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní ọdún 1953, wà lára àwọn tí ó gbé ohùn ọ̀rọ̀ ṣáájú kí ohùn orin máa tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé kí orin gùn kí ó sì sọ̀ ní gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ṣe bẹ́ẹ̀. Gbólóhùn tí ó yí ọ̀rọ̀ ká a máa gbà á sílẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ìhà tí ọ̀rọ̀ kọ ojú sí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹgbẹ́ akọrin aláfẹ́ kan, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti ìjọ, tí ó fẹ́ lo ẹ̀rọ lónìí. Ọ̀pọ̀ nínú Yorùbá tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kò ní àmì ohùn. Ẹ̀rọ tí ó bá rí 'ogun' lásán kò ní ohun tí yóò fi mọ̀ bóyá ogun, ogún tàbí Ògún ni. Bí ABC ti fi ọ̀ṣọ́ sílẹ̀ ni irú àkọsílẹ̀ yìí fi ohùn sílẹ̀, ìyàtọ̀ ibẹ̀ sì ni pé ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ fún wa. Iṣẹ́ tí ó kù fún ẹgbẹ́ náà ni kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ìlà orin kọ̀ọ̀kan lẹ́nu, kí wọ́n tó fi ohùn tí ẹ̀rọ mú wá kọ ọ́, kí wọ́n sì gbọ́ ibi tí méjèèjì ti ń jà. Bí onígángan kan bá wà láàrin wọn, iṣẹ́ á yá: yóò lu ọ̀rọ̀ náà, yóò lu ohùn orin náà, gbogbo wọn á sì gbọ́ ìyàtọ̀ rẹ̀ kíákíá. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò pinnu èyí tí wọn yóò yí padà, yálà ohùn orin tàbí ọ̀rọ̀. Ìjíròrò yìí, tí kò sí nínú ẹ̀rọ kankan, ni orin ti ń di tiwọn.

Nígbà tí wọ́n bá wá parí, fóònù ni wọn yóò fi tẹ ọ̀rọ̀ orin náà ránṣẹ́ sí ara wọn, wọn yóò sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsí àmì ohùn kan lórí rẹ̀, nítorí pé àwọn mọ bí a ti ń kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tí ń kó ọ̀rọ̀ jọ fún ẹ̀rọ mìíràn yóò ṣe bá a níbẹ̀.