Pápá Mẹ́ta Tí Ó Ṣẹ́kù: Ìtàn Abúlé Laxton ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí, ẹni tí ó bá sì ti jókòó rí níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà ilẹ̀ láàárín ọmọ ìyá méjì, tí ọ̀kan ń búra pé ibi tí pèrègún wà lónìí kọ́ ni baba àwọn gbìn ín sí, yóò mọ̀ pé òwe náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Òwe yìí ni ó ń sọ sí mi lọ́kàn ṣáá bí mo ti ń yẹ ìtàn Laxton wò, abúlé kékeré kan ní ẹkùn Nottinghamshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí pé bí àwọn ìlú mìíràn bá ń fi ogun tí wọ́n jà tàbí ọba tí wọ́n jẹ yangàn, ààlà oko ni Laxton fi ń yangàn: bí a ti ń pa á, bí a ti ń ṣọ́ ọ, àti bí a ti ń bu owó ìtanràn lé ẹni tí ó bá túlẹ̀ kọjá rẹ̀.

Abúlé náà kò tóbi. Ṣọ́ọ̀ṣì kan, ilé ọtí kan tí ń jẹ́ Dovecote, àti àwọn ilé oníbíríkì pupa tí wọ́n tò sí ẹ̀bá títì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ ẹ̀gbẹ́ sí títì bí ẹni pé wọ́n ń bá a yan odì, tí àká àti ilé ẹran sì wà lẹ́yìnkùlé wọn. Àlejò lè kọjá níbẹ̀ kí ó má fura sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó bá fara balẹ̀ yóò rí ohun kan tí yóò tètè yé e: inú abúlé ni àwọn àgbẹ̀ ń gbé, ẹ̀yìn ilé ni oko wọn wà, wọn a sì máa ti ilé lọ sí oko gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe. Ní ibi púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àgbẹ̀ a máa dá gbé ní àárín ilẹ̀ tirẹ̀, ọgbà a yí i ká, aládùúgbò rẹ̀ a sì wà ní ọ̀nà jíjìn. Ìdí tí Laxton kò fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn tí ń wádìí orúkọ ìlú sọ pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Leaxa, láyé àwọn Sáksónì, ni abúlé náà ń jẹ́ orúkọ mọ́, àti pé ìtumọ̀ rẹ̀ kò ju abà àwọn ènìyàn Leaxa lọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣán igbó pe abà tiwa. Nígbà tí Wílíàmù Aṣẹ́gun gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, tí ó sì ní kí wọ́n ka gbogbo ilẹ̀ àti ohun tí ó wà lórí rẹ̀ sínú ìwé ní 1086, Laxintune ni àwọn akọ̀wé pe ibẹ̀. Wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Tochi ni ó ni ín tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n pé ó ti di ti Geoffrey Alselin, ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọba tuntun náà sàn fún. Báyìí ni ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọwọ́ ọlọ́lá kan bọ́ sí ti òmíràn, tí àwọn tí ń ro ó kò sì kúrò lórí rẹ̀.

Ní ìhà àríwá abúlé, àwọn onílẹ̀ ìgbà náà mọ òkìtì gíga kan, wọ́n gbẹ́ yàrà yí i ká, wọ́n sì kọ́ ilé olódi sórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìdílé de Caux, àti lẹ́yìn wọn ìdílé Everingham, fi ṣe ibùjókòó, àwọn tí ń ṣọ́ igbó Sherwood fún ọba, igbó kan náà tí gbogbo ayé fi àlọ́ Robin Hood mọ̀. Iṣẹ́ náà kì í ṣe kékeré ní ayé tí àgbọ̀nrín kan ṣoṣo lè kó odindi ìdílé sínú ìyọnu. Ilé olódi ti wó, koríko ti bo òkìtì. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí àwọn Everingham, kí ó wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì Máíkẹ́lì Mímọ́ lọ, ibẹ̀ ni ère wọn nà gbalaja sí. Òkúta ni wọ́n fi gbẹ́ àwọn ọkùnrin, ti àwọn ti ẹ̀wù ogun wọn, ṣùgbọ́n obìnrin kan wà láàárín wọn tí ó jẹ́ ère igi, igi óákù, tí ó ti pé ju 600 ọdún lọ. Àwa tí ikán kì í jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére wa dàgbà tó bẹ́ẹ̀, a kò lè wo obìnrin náà kí a má jowú rẹ̀ díẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àwọn ọlọ́lá sílẹ̀ síbẹ̀, kí a lọ sí oko.

Pápá mẹ́ta ni Laxton ní: Pápá Ìwọ̀-Oòrùn, Pápá Gúúsù, àti Pápá Ọlọ. Kò sí ọgbà nínú èyíkéyìí nínú wọn. Ẹni tí ó bá dúró ní etí rẹ̀ yóò rò pé oko ẹnì kan ṣoṣo ni, bí ó bá sì tẹjú mọ́ ọn, yóò rí i pé ilẹ̀ gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, bí ọ̀já tí abiyamọ fi ń pọn ọmọ, ọ̀kan ti Lágbájá, èkejì ti Tẹ̀mẹ̀dù, ẹ̀kẹta tún ti ẹlòmíràn, kí ó tó tún kan ti Lágbájá lọ́hùn-ún. Àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ní ọ̀já tirẹ̀ ní pápá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹnì kan má baà kó gbogbo ilẹ̀ ọlọ́ràá lọ, kí ẹnì kejì sì máa bá àbàtà jà títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ní ayé tí akọ màlúù ń fa ohun ìtúlẹ̀, ìwọ̀n ibi tí wọ́n lè túlẹ̀ dé kí wọ́n tó sinmi ni a fi ń mọ gígùn ọ̀já; bí àwọn ọ̀já àtijọ́ irú bẹ́ẹ̀ bá sì wọ́ díẹ̀ ní ìpẹ̀kun, màlúù ni ó wọ́ ọ, nítorí pé ọ̀wọ́ ẹranko mẹ́jọ kò lè yí padà lójú kan bí ẹni tí ó gbàgbé nǹkan sílé.

Ọdún mẹ́ta ni àyípo iṣẹ́ náà. Ní ọdún kìíní, a ó gbin àlìkámà sí pápá kan nígbà ìwọ́wé, yóò sì gba òtútù kọjá. Ní ọdún kejì, ohun tí à ń gbìn nígbà ìrúwé, bíi ọkà báálì tàbí ẹ̀wà, ni yóò kàn. Ní ọdún kẹta, ilẹ̀ yóò sinmi. Ilẹ̀ ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, ó ń rẹ òun náà. Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ pé ti òun yàtọ̀, nítorí pé nígbà tí ìkórè bá parí, ẹran gbogbo abúlé ni wọ́n máa ń dà wọ inú pápá láyé àtijọ́ láti jẹ àkékù, kí wọ́n sì fi ìgbẹ́ wọn san án padà fún ilẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá gbin ohun tí ó wù ú ní àkókò tí ó wù ú, màlúù àwọn ará abúlé rẹ̀ ni yóò bá a jẹ ẹ́. Ẹran tí ó bá sì ṣìnà wọ ibi tí kò yẹ, ọgbà kékeré kan wà ní abúlé tí wọ́n máa ń sé e mọ́ nígbà náà títí olówó rẹ̀ yóò fi wá fi owó gbà á. Mo mọ àwọn kan ní abúlé tiwa tí irú ọgbà bẹ́ẹ̀ ìbá ti là ní ìjà ewúrẹ́.

Àfonífojì tútù tí ohun ìtúlẹ̀ kò lè dé láàárín àwọn pápá, wọn kò fi ṣòfò. Wọ́n fi í sílẹ̀ fún koríko, koríko náà ni à ń gé tà, àwọn òdòdó tí ó sì ti parẹ́ ní ibòmíràn ń tan níbẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.

Ní ọdún 1635, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Sir William Courten, ẹni tí baba rẹ̀ sá wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti Flanders nítorí inúnibíni ìsìn, tí òun fúnra rẹ̀ sì wá lówó títí ó fi ra Laxton, ní kí Mark Pierce wọn gbogbo ilẹ̀ náà. Pierce wọn ọ́n, ó ya àwòrán rẹ̀, ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó ni ọ̀já kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Àwòrán náà wà ní ibi ìkówèésí Bodleian ní Oxford títí di òní, ìdí tí mo sì fi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé awọnlẹ̀ náà kò lè fi ilẹ̀ sílẹ̀ lásán: ó ya àwọn ènìyàn wẹ́wẹ́ sórí rẹ̀, ọ̀kan ń túlẹ̀, àwọn kan ń kórè, àwọn mìíràn gun ẹṣin tọ ẹran ìgbẹ́ lẹ́yìn. Òṣìṣẹ́ tí a ní kó wọn ààlà fún olówó, ó ya àwọn tí ń fi ẹsẹ̀ tẹ ààlà náà.

Ìgbà kì í lọ bí òréré. Láàárín ọdún 1604 sí 1914, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tí ó ju 5,200 lọ láti fi ọgbà pààlà sí oko àjùmọ̀ní, ilẹ̀ tí ó sì bá a lọ tó mílíọ̀nù 6.8 éékà. Ní abúlé lẹ́yìn abúlé, wọ́n kó àwọn ọ̀já pọ̀, wọ́n pín wọn ní lódindi-lódindi, wọ́n gbin igi ẹlẹ́gùn-ún yí wọn ká. Ẹni tí ó ní púpọ̀ túbọ̀ rí èrè. Ẹni tí kò ní ju màlúù kan àti ẹ̀tọ́ láti dà á jẹko lọ, ẹ̀tọ́ náà bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọ̀pọ̀ irú wọn ni ó sì di alágbàṣe lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti mọ̀ bí ẹní mowó. Kí ni ó yọ Laxton? Mi ò ní purọ́ pé ìwà rere àwọn onílẹ̀ ni. Ìdílé Pierrepont, tí wọ́n ti gba abúlé náà lẹ́yìn Courten, tí wọ́n sì wá ń jẹ oyè Earl Manvers, kò dá nìkan ni gbogbo rẹ̀. Earl ti Scarbrough náà ní ilẹ̀ tirẹ̀ níbẹ̀, ó sì pẹ́ tí àwọn méjèèjì kò fi lè fohùn ṣọ̀kan lórí bí wọn yóò ti ṣe pààrọ̀ ilẹ̀. A máa ń sọ pé bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni í jìyà. Ti Laxton yàtọ̀: erin méjì jà, koríko yè.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, wọ́n so ọ̀já pọ̀ mọ́ ọ̀já kí iṣẹ́ lè rọrùn, pápá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì dín kù títí wọn kò fi tó 500 éékà mọ́. Ní 1938, ọ̀mọ̀wé C. S. Orwin àti aya rẹ̀ tẹ ìwé kan jáde lórí wọn, ìgbà náà ni ayé wá mọ̀ pé ohun tí ń parẹ́ ni àwọn àgbẹ̀ yìí ń lò lójoojúmọ́. Earl Manvers ta ilẹ̀ náà fún Ilé Iṣẹ́ Ọ̀gbìn ìjọba ní 1952 kí ó má baà bàjẹ́. Ní 1981 ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń bójú tó ilẹ̀ Adé. Ní 2020, ó padà sí ilé Thoresby, ilé àwọn Manvers àtijọ́. Ẹnikẹ́ni tí ìbáà jẹ́ onílẹ̀, àgbẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ère inú ilé ohun àtijọ́ ni wọ́n: katakata ni wọ́n fi ń túlẹ̀, iye tí ọjà bá sì dá lé àlìkámà ni wọ́n ń tà á.

Katakata yìí ni ó sì jẹ́ kí ọjọ́ àwọn Júrì, àwọn tí ń yẹ ààlà oko wò lọ́dọọdún, ṣe pàtàkì sí i, nítorí pé akọ màlúù kì í jí ilẹ̀ tó bí ẹ́ńjìnnì ti lè jí i. Nígbà tí oṣù kọkànlá bá ń parí lọ, tí àlìkámà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ orí, àwọn ènìyàn méjìlá yóò wọ bàtà ẹrẹ̀, wọn yóò gun ọmọlanke tí katakata ń fà, èèkàn àti òòlù wà lẹ́sẹ̀ wọn, wọn yóò sì forí lé pápá tí a gbin àlìkámà sí. Ní ìpẹ̀kun àwọn ọ̀já, wọn yóò sọ̀kalẹ̀. Ọ̀kan yóò wá èèkàn tàbí ihò àmì èṣí kàn, òmíràn yóò dúró lọ́hùn-ún, àwọn yòókù yóò di ojú kan wò bóyá ó gún. Bí ohun ìtúlẹ̀ ẹnì kan bá ti jẹ ẹ̀bá ọ̀nà tàbí etí koríko, bí ó ti wù kí ó kéré mọ, wọn yóò kan èèkàn tuntun mọ́ ibi tí ó tọ́, wọn yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àgbẹ̀ pápá náà ni àwọn méjìlá yìí fúnra wọn. Ẹni tí ó di òòlù mú lè jẹ́ ẹni tí a óò kọ orúkọ rẹ̀.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, kóòtù abúlé, tí ń dá ẹjọ́ ààlà, yóò jókòó ní Dovecote, ní ilé ọtí, Ìríjú onílẹ̀ ni yóò ṣe alága. Wọn yóò pe orúkọ àwọn tí ó yẹ kí wọ́n wá, wọn yóò bu owó ìtanràn lé àwọn tí ó rú òfin, àwọn tí ó jẹ̀bi yóò san án, ẹlòmíràn nínú wọn pẹ̀lú ẹ̀rín. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò yan Júrì mìíràn, tí yóò búra fún pápá tí yóò gba àlìkámà ní èèmíì, pápá tí ó jẹ́ pé ní alẹ́ ọjọ́ náà, àkékù ọkà báálì ṣì dúró lórí rẹ̀ nínú òtútù.