Àṣàrò àti àlá tí a mọ̀ pé àlá ni: Ohun tó yẹ kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ mọ̀

Bí ènìyàn bá ń lá àlá, tí ó sì mọ̀ nínú àlá náà gan-an pé àlá ni òun ń lá, irú àlá bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ń pè ní lucid dream. Frederik van Eeden, oníṣègùn ọpọlọ tó jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, ló sọ orúkọ náà di mímọ̀ ní ọdún 1913. Àlá yìí kò ṣọ̀wọ́n rárá. Nígbà tí àwọn olùwádìí kó àbájáde iṣẹ́ 50 ọdún jọ ní ọdún 2016, wọ́n rí i pé nínú ènìyàn 100, nǹkan bí 55 ló ti lá a rí, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń lá a lóṣooṣù jẹ́ nǹkan bí 23.

Ohun tó mú wa dá sí ọ̀rọ̀ náà ni ìpolówó àwọn kan tó ń ta ẹ̀kọ́ àṣàrò, tí wọ́n ń sọ pé ẹni tó bá ṣe é fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ yóò di ọ̀gá lórí àlá rẹ̀. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, àbùmọ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Àṣàrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì Yorùbá ti pàdé rẹ̀ nínú ìwé Jóṣúà àti nínú Orin Dáfídì, níbi tó ti túmọ̀ sí ríro ọ̀rọ̀ kan jinlẹ̀. Èyí tí à ń sọ níhìn-ín yàtọ̀ díẹ̀: kíkó ọkàn jọ sí ojú kan ni, pàápàá sórí èémí. Jon Kabat-Zinn ló dá ètò tó gbajúmọ̀ jù sílẹ̀ ní ọdún 1979, ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Massachusetts ní Amẹ́ríkà, fún àwọn aláìsàn tí ìrora ń bá fínra. Inú ẹ̀kọ́ Búdà ló ti mú ọgbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ó yọ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 8 ni ètò náà ń gbà.

Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò nílò ju àga lọ. Kí ó jókòó, kí ẹ̀yìn rẹ̀ nàró, kí ó di ojú, kí ó sì máa fi ọkàn bá èémí rẹ̀ lọ bó ti ń wọlé tó ń jáde. Ìṣẹ́jú 10 tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń pariwo, kí ó gbọ́ ariwo náà, kí ó má bá a lọ. Kò ní pẹ́ tí ọkàn yóò fi sá lọ bá owó ilé-ìwé àwọn ọmọ tàbí ọ̀rọ̀ burúkú tí ẹnìkan sọ lánàá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń rò pé àwọn kò mọ̀ ọ́n ṣe, tí wọ́n á sì jáwọ́. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ènìyàn fura pé ọkàn òun ti lọ, tí ó sì rọra mú un padà, ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ ń lọ. Bí ó bá lọ ní ìgbà 30, kí a mú un padà ní ìgbà 30.

Ìfura yìí ló so àṣàrò mọ́ àlá. Nínú àlá, ènìyàn lè bá bàbá rẹ̀ tó ti kú láti ọdún 10 sẹ́yìn jẹun pọ̀, kí ó má sì yà á lẹ́nu, nítorí pé ìfura rẹ̀ ń sùn. Bí ìfura náà bá ta jí díẹ̀, alálàá á bi ara rẹ̀ pé, "Ṣé bàbá mi kò ti kú ni?" Ibẹ̀ ni yóò ti mọ̀. Àwọn olùkọ́ ẹ̀sìn Búdà ní Tibet ti ń fi èyí kọ́ni tipẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa àlá wà lára ẹ̀kọ́ 6 tí wọ́n so mọ́ orúkọ Naropa, ará Íńdíà tó gbé ayé ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn.

Ó pẹ́ kí àwọn onísáyẹ́ǹsì tó gbà. Ní ọdún 1953, Eugene Aserinsky àti Nathaniel Kleitman ní Chicago ṣàlàyé oorun kan tí ẹyinjú ti máa ń yí kiri lábẹ́ ìpéǹpéjú. Inú rẹ̀ ni àlá ti máa ń pọ̀ jù. Gbogbo iṣan ara ló máa ń rọ nígbà náà, àfi ti ojú àti ti èémí. Ní oṣù kẹrin ọdún 1975, Keith Hearne ní Yunifásítì Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá Alan Worsley ṣe àdéhùn pé bó bá ti mọ̀ pé òun ń lá àlá, kí ó yí ojú sọ́tùn-ún sósì. Worsley ṣe é, ẹ̀rọ sì gbà á sílẹ̀. Stephen LaBerge ní Stanford fìdí irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ lẹ́yìn náà. Ìwádìí tó jáde ní ọdún 2021, tí ènìyàn 36 kópa nínú rẹ̀, tilẹ̀ tún jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n bi alálàá kan léèrè iye tó kù bí a bá yọ 6 kúrò nínú 8, ó sì fi ẹyinjú dáhùn pé 2.

Ṣé àṣàrò wá ń mú un yá? Benjamin Baird àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Wisconsin gbé àbájáde tiwọn jáde ní ọdún 2019. Àwọn tó ti ń ṣe àṣàrò fún ọ̀pọ̀ ọdún ń lá àlá yìí ju àwọn tí kò ṣe é rí lọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ètò ọ̀sẹ̀ 8 tí Kabat-Zinn dá sílẹ̀ kò rí àfikún kankan. Kódà ti àwọn àgbà náà gba àròjinlẹ̀, nítorí ó lè jẹ́ pé irú ẹni tó ń fura bẹ́ẹ̀ ni àṣàrò máa ń wù láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá torí àlá san owó ẹ̀kọ́ oṣù kan, owó rẹ̀ ti bómi lọ.

Ọgbọ́n tí LaBerge fi ń kọ́ni ṣe tààrà ju èyí lọ. Bí ènìyàn bá ta jí láti inú àlá ní ìdájí, kí ó rántí àlá náà dáadáa, kí ó sì sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá tún ń lá àlá, òun yóò rántí pé àlá ni, kí ó tó padà sùn. Ìdájí ni oorun àlá máa ń gùn jù. Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú tó ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù Èkó, tó ní láti jí ní aago mẹ́rin nítorí sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ọkọ̀, apá oorun yìí gan-an ló ń pàdánù. Lójú tiwa, kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ́kọ́ wá oorun sùn.

Ó tún yẹ kí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ pé ojú lè là kí iṣan tó sọjí. Ènìyàn á wà lórí ibùsùn, kò ní lè gbé ọwọ́, kò ní lè ké, á dà bíi pé ohun kan tẹ òun mọ́lẹ̀. Àwọn ènìyàn wa a máa kà á mọ́ ogun òru nígbà mìíràn. Àwọn tó ń gbìyànjú láti gba ojú lílà wọ inú àlá máa ń bá a pàdé. Kì í pẹ́ kó tó lọ, kì í sì í pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí àìsàn ọpọlọ ti ṣe rí, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, kò gbọdọ̀ dá èyíkéyìí nínú méjèèjì bẹ̀rẹ̀ láìbá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ní ti àwọn tí àlá burúkú kì í jẹ́ kí wọ́n sinmi, Victor Spoormaker àti Jan van den Bout dán ìtọ́jú tó dá lórí àlá yìí wò lára ènìyàn 23 ní Netherlands, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2006. Àlá burúkú náà dín kù, títí kan ti àwọn kan tí kò mọ̀ rárá, nínú oorun wọn, pé àlá ni àwọn ń lá.