Tíọ́rì Ìmọ̀ Àwùjọ àti Ìṣòro Ìlú: Àpẹẹrẹ Yahoo-Yahoo

Tíọ́rì ìmọ̀ àwùjọ ni àlàyé tí àwọn onímọ̀ gbé kalẹ̀ lórí ohun tó ń mú àwọn ènìyàn hùwà bí wọ́n ṣe ń hù ú nígbà tí wọ́n bá jọ ń gbé. Kì í sọ pé ẹni tó ṣẹ̀ kò ṣẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹni náà ló ń wá. C. Wright Mills, ará Amẹ́ríkà, fi àìríṣẹ́ ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwé rẹ̀, The Sociological Imagination (1959). Bí ẹnì kan ṣoṣo kò bá níṣẹ́ nínú ìlú elérò 100,000, ká yẹ ìwà àti ọgbọ́n ọwọ́ onítọ̀hún wò. Ṣùgbọ́n bí mílíọ̀nù 15 kò bá níṣẹ́ nínú mílíọ̀nù 50 òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ ti di ti orílẹ̀-èdè.

Ẹ jẹ́ ká fi jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì, Yahoo-Yahoo, dán èyí wò. Bí wọ́n bá ń sọ ọ́ lórí rédíò, ojúkòkòrò àti àìgbẹ̀kọ́ ni wọ́n sábà máa ń dá ẹjọ́ lé. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan. Àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ kan náà bá ń lọ ní Ìbàdàn, ní Èkó àti ní Benin, a ò lè ní ojúkòkòrò ṣèèṣì sọ sí gbogbo wọn lára lẹ́ẹ̀kan náà. Jìbìtì kúkú ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Abala 419 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà ló fún un lórúkọ tí ayé mọ̀, lẹ́tà ni wọ́n sì kọ́kọ́ fi ń ṣe é. Nígbà tí kafé íntánẹ́ẹ̀tì dé ìgboro ní nǹkan bí ọdún 2000 ló bọ́ sórí í-meèlì. Ìjọba dá àjọ EFCC tó ń gbógun ti jìbìtì sílẹ̀ ní 2003, wọ́n sì ṣe òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2015.

Àlàyé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ́kọ́ mú ni ti Robert K. Merton. Ìpìlẹ̀ tí Émile Durkheim, ará Faransé, fi lélẹ̀ ló kọ́lé lé. Durkheim ti fi hàn ní 1897 pé pípa ara ẹni pàápàá, tó jọ ọ̀rọ̀ àdáni pátápátá, máa ń pọ̀ tàbí kó dín kù bí okùn tó so ènìyàn mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ṣe yi tó. Merton wá sọ ní 1938 pé àwùjọ Amẹ́ríkà ń rọ gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n lówó, kò sì la ọ̀nà rẹ̀ fún gbogbo wọn. Ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ lè máa bá òfin lọ. Ó lè gba ẹ̀bùrú. Ó lè máa ṣe ìlànà lásán láìretí èrè. Ó lè yọwọ́ pátápátá bí ọ̀mùtí. Ó sì lè ní kí wọ́n yí gbogbo ètò padà. Ẹlẹ́bùrú ni ọmọ Yahoo. Ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ lòun náà fẹ́: ilé, ọkọ̀, kí ara dẹ ìyá òun. Ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ní yóò gbé e débẹ̀ ni kò ríṣẹ́ fún un.

Àlàyé yìí dùn, ó sì ti rọrùn jù. Àìmọye ọ̀dọ́ tí ọ̀nà dí mọ́ ló ń gun ọ̀kadà tàbí tó ń ránṣọ, tí wọn kò lu ẹnikẹ́ni ní jìbìtì. Edwin Sutherland ló dí àlàfo yìí: ó ní kíkọ́ ni ènìyàn ń kọ́ ìwà ọ̀daràn, lọ́wọ́ àwọn tó súnmọ́ ọn. Wọ́n á kọ́ ọ ní ọgbọ́n iṣẹ́ náà, wọ́n á sì kọ́ ọ ní àwáwí tí yóò fi dá ara rẹ̀ láre. Wo ilé tí àwọn ọmọ Yahoo ń pè ní HK: ọ̀gá kan á kó ọmọọṣẹ́ jọ, á fún wọn ní oúnjẹ àti dátà, á kọ́ wọn bí a ṣe ń di ṣọ́jà Amẹ́ríkà tí ìyàwó rẹ̀ kú, àti ìgbà tó yẹ kí a tó tọrọ owó. Sutherland yìí kan náà ló kìlọ̀ ní 1939 pé kí àwọn onímọ̀ yé wo tálákà nìkan, nítorí àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ ńlá náà ń rúfin. Ìkìlọ̀ yẹn ṣì bá Nàìjíríà mu.

Howard Becker ní tirẹ̀ (Outsiders, 1963) ń wo àwọn tó ń pe ẹlòmíràn ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó bá rántí bí ẹ̀ka ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní SARS ṣe ń mú ọ̀dọ́ tó bá dirun, tó sì gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká dání, pé ọmọ Yahoo ni, kí wọ́n tó tú ẹ̀ka náà ká ní oṣù kẹwàá 2020, yóò mọ ohun tó ń sọ.

Èyí tó wọlé jù lójú tèmi ni ti Peter Ekeh, tó kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ó kọ ọ́ ní 1975 pé ìjọba amúnisìn sọ àwùjọ Áfíríkà di agbo méjì. Nínú agbo ìbátan àti ìlú ẹni, ẹni tó bá jí owó ẹgbẹ́ ti tẹ́. Nínú agbo ìjọba, tó jẹ́ pé àjèjì ló gbé e kalẹ̀, ẹni tó bá kó owó ibẹ̀ wálé, akin ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Ekeh ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n a lè nà án dé ọ̀dọ̀ ọmọ Yahoo. Opó tó sọ owó nù ní Amẹ́ríkà kò sí nínú agbo tí ẹ̀rí ọkàn ọmọ náà dé. Ìyá rẹ̀ tó ń kọ́lé àti olórin tó ń kì í ló wà níbẹ̀. Àwáwí àwọn ọmọ Yahoo, pé òyìnbó ló kọ́kọ́ kó àwọn baba wa lẹ́rú, dà bí ẹni pé Ekeh ni wọ́n kà.

Ibi tí àlàyé náà kò dé ni pé àwọn ọmọ Yahoo ti ń lu ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ wọn náà ní jìbìtì. Níbí ni iṣẹ́ Akínṣọlá Akìwọwọ ti Yunifásítì Ifẹ̀ ti wúlò. Ó ya àjọbí sọ́tọ̀ sí àjọgbé, ó sì tún gbé tíọ́rì àsùwàdà, ti bí ènìyàn ṣe ń sù jọ di àwùjọ, jáde láti inú ẹsẹ Ifá ní 1986. Àwọn onímọ̀ méjì, Lawuyi àti Táíwò, takò ó ní 1990, wọ́n ní àwọn èrò inú rẹ̀ kò tíì ṣe kedere tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá tíọ́rì náà lè ṣiṣẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ láti ilé HK: àwọn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ọmọ ìyá, àjọgbé ló so wọ́n pọ̀. Kó béèrè ohun tí wọ́n gbà pé àwọn jẹ ara wọn, àti ẹni tí wọ́n gbà pé àwọn kò jẹ ní nǹkan kan.