Òǹkà Òkú àti Ìdíwọ̀n Ewu: Etí Adágún Okeechobee, 1926 sí 1928

Ìkìlọ̀ ti ṣáájú ìjì tí ó jà ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1928 ní etí adágún Okeechobee, ìpínlẹ̀ Florida, ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 1926 ni òkìtì erùpẹ̀ tí ó dí adágún náà já, tí omi sì bo ìlú Moore Haven. Síbẹ̀, irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará oko Belle Glade gbójú lé nígbà tí afẹ́fẹ́ àríwá ti omi adágún lù wọ́n.

Kíkúrú òkìtì náà ni a sábà máa ń dá lẹ́bi. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n ọ̀ràn kò tán síbẹ̀. Báwo ni a ó ti wọn ewu ibi tí a kò mọ iye ẹni tí ń gbé inú rẹ̀? Alágbàṣe aláwọ̀ dúdú, tí ọ̀pọ̀ wọn wá láti Bahamas, ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí ó kú. Ní West Palm Beach, òkú aláwọ̀ funfun rí pósí. Nǹkan bí 674 òkú aláwọ̀ dúdú wọ kòtò kan ṣoṣo, láìsí àmì fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí kíkọ́ ògiri ńlá tuntun sí etí adágún ní ọdún 1930. Òǹkà wọn, 1,836, kò yí padà di 2,500 ó kéré tán, títí di ọdún 2003.